Ìwé Ìrìnnà Ẹni, Ọwọ́ Ẹni

Ní ọjọ́ Sátidé, ìyàwó mi kì í bu oúnjẹ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sílé wa títí onítọ̀hún á fi dáhùn ìbéèrè kan: "Pásípọ́ọ̀tù rẹ dà?" Bí ó bá ní ó wà lọ́wọ́ òun, ìyàwó mi á gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀. Bí ó bá ní ọ̀gá òun ló ń bá òun tọ́jú rẹ̀, ìyàwó mi á gbé àwo sílẹ̀, á jókòó tì í, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ará Filipínì ni àwọn àlejò wọ̀nyí, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi ní ilé ìwòsàn kan ní Decatur, lẹ́bàá Atlanta, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ náà ni èmi ti ṣe iṣẹ́ apòògùn títí mo fi fẹ̀yìntì. Àwọn nọ́ọ̀sì ará Filipínì pọ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, àwọn ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú yìí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Nígbà tí òun náà wá di àgbà nídìí iṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn àbúrò wọn tó ń dé. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan ló ń wá. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé onílé ń wá, àwọn tó ń gbé ọmọ ń wá, àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì náà ń wá. Ate ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn. Wọ́n ń pe èmi ní Kuya, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń rántí rẹ̀, torí pé Yorùbá ni ìyàwó mi fi ń tún un sọ fún mi tí wọ́n bá ti lọ tán, tí a bá jọ ń fọ abọ́.

Ohun tó ń kọ́ wọn kò ṣòro. Má fọwọ́ sí ìwé tí o kò tíì kà tán. Bí ọ̀gá bá ń kánjú, jẹ́ kó máa kánjú. Ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ, kó o sì fi ẹ̀dà náà pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í gbé inú ilé tí o ti ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí ẹnì kan, ó kéré tán, mọ ojúlé tí o ń sùn. Kí ọjọ́ ìsinmi rẹ ní orúkọ: kì í ṣe "nígbà tí àyè bá yọ", bí kò ṣe Sátidé tàbí Mọ́ńdè. Bí ilé tí o ń sùn bá jẹ́ ilé tí o ti ń ṣiṣẹ́, tètè wá ibòmíràn tí o lè gbé orí lé lọ́jọ́ tí ìjà bá dé. Mọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì àti ti rélùwéè kó o tó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Má sọ fún àwọn ará ilé pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa nígbà tí kò lọ dáadáa, torí lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ padà sílé, ọ̀rọ̀ rẹ kò ní yé wọn.

Ọ̀kan tún wà tó fẹ́ràn láti máa sọ: ohun tó bá le láti béèrè, dúró béèrè rẹ̀. "Tí ẹ bá ti jókòó," á ní, "wọ́n á gbé omi fún yín. Tí ẹ bá ti mu omi, ẹ ti di àlejò. Àlejò kì í sì í béèrè nǹkan." Mo máa ń rẹ́rìn-ín láti ibi tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn. Àwàdà ni mo kà á sí.

Ó kú ní àkókò tí ìyẹ̀fun òdòdó igi máa ń bo gbogbo mọ́tò ní Atlanta, tí ojú fèrèsé á dà bí ẹni da gàrí olépo sí i lára. Àìsàn náà kò pẹ́. Èmi ni mo ń gbé e dìde, èmi ni mo ń gbé e jókòó, èmi ni mo ń po ògì fún un títí kò fi lè gbé e mì mọ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún wá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé ní Morrow, ló ṣíwájú wọn, ó gbé ìkòkò dání.

"Kuya, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn dáadáa, ọwọ́ ń jó mi."

"Kò sí ẹni tó máa kọ́ yín mọ́," mo ní.

"Ta ló ní kí ẹ kọ́ wa? Oúnjẹ la fẹ́ jẹ. Ẹ̀yin náà sì ti rù, ẹ wo ọrùn yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọlé, wọn kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tí mo mọ̀, mo ń dá a lóhùn. Èyí tí n kò bá mọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà ló ń dáhùn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní Norcross. Ìyá arúgbó kan ló ń tọ́jú, ìyá alàgbà kan nínú ìjọ wa. Màmá ni gbogbo ilé ń pè é. Mo mọ ilé náà dáadáa. Alàgbà yìí wà lára àwọn tó gbé pósí ìyàwó mi lé èjìká. Lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni ọmọbìnrin náà gba iṣẹ́ ọ̀hún, nítorí náà kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè tí a máa ń bi àwọn tó kù.

Ní Sátidé kan, ó dé, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò bọ́ bàtà.

"Ìyá mi kú lánàá," ó ní.

Gbogbo wa dìde. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ènìyàn lè sọ níbi ọ̀fọ̀ kò pọ̀, n kò sì nígbàgbọ́ nínú díẹ̀ tó wà yẹn mọ́. Yorùbá ni mo fi kí i: "Kú ará fẹ́ra kù." Ó tẹrí ba bí ẹni pé ó gbọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wọn fún mi. Ní ìlú tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, wọ́n máa ń tẹ́ òkú sí pálọ̀, wọ́n á tan iná yí i ká, àwọn aládùúgbò á wá jókòó tì í, wọ́n á máa mu kọfí, wọn kò ní fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan. Bí ọmọ rẹ̀ kan bá wà lókè òkun, tó sì ń bọ̀, òun ni wọ́n máa ń dúró dè. Ṣùgbọ́n ìdúró náà ní ibi tó mọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà ti ń pè é pé: ọjọ́ wo lò ń bọ̀, ká lè sọ fún fádà?

"Ọjọ́ wo lo wá sọ fún wọn?" nọ́ọ̀sì àgbà bi í.

"Mi ò tíì sọ."

"Kí ló dé? Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì ni?"

"Rárá o. Mọ́mì ló ń bá mi tọ́jú pásípọ́ọ̀tù mi. Àti páálí mi."

Páálí ni ìwé tó fún un láyè láti máa gbé Amẹ́ríkà. Láìsí pásípọ́ọ̀tù, kò lè jáde. Láìsí páálí, kò ní lè padà wọlé. Ìyàwó alàgbà ló ń pè ní Mọ́mì.

Ó yẹ kí n ṣe ìdájọ́ òdodo fún obìnrin náà. Kò fi ìkà ṣe é. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà kó dé, ó gba àwọn ìwé rẹ̀, ó kó wọn sínú àpótí irin tó wà ní yàrá rẹ̀, níbi tí ìwé ilé wọn àti wúrà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà. Ó ní, "Ìwọ náà ti di ọmọ wa." Bí àwa ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá wà lábẹ́ òrùlé wa, a máa ń bá a tọ́jú nǹkan rẹ̀, oore la sì kà á sí. Ó ra kóòtù òtútù fún un. Ó ń bu ẹran tó dára fún un. Láti ìgbà tó sì ti di ọmọ ilé, kò sí ọjọ́ ìsinmi fún un mọ́, bí kò ṣe wákàtí díẹ̀ tó fi ń yọ́ wá sọ́dọ̀ wa, torí ọmọ ilé kì í gba ìsinmi kúrò nílé. Nígbà tó béèrè ìwé rẹ̀, Mọ́mì gbá a mọ́ra, wọ́n jọ sunkún, ó gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ẹni tó máa dúró ti Màmá ná. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Padà lọ béèrè," nọ́ọ̀sì àgbà wí.

"Mo ti béèrè lẹ́ẹ̀kan."

"Béèrè lẹ́ẹ̀kejì!"

Ó mi orí. Lọ́dọ̀ wọn, bí mo ṣe wá mọ̀, ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore ti fi gbèsè sí ọ lọ́kàn, o kò gbọdọ̀ wo ojú rẹ̀ kó o máa bá a fa ọ̀rọ̀. Àwa náà kò yàtọ̀ sí wọn. Àṣà wa àti àṣà tiwọn ti jọ so ọmọ yìí mọ́lẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì.

Nọ́ọ̀sì àgbà gbé fóònù. "Ó dáa, ká pe ọlọ́pàá. Òfin ìlú yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni di ìwé òṣìṣẹ́ mú."

"Ẹ jọ̀ọ́," ọmọbìnrin náà ní. "Wọ́n ṣe dáadáa sí mi. Ẹ má pe ọlọ́pàá wá bá Màmá."

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì àgbà sọ nípa òfin. Síbẹ̀ mo ní, "Ẹ fún mi láyè títí di ọ̀la."

Ó wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń wo aláìsàn tó ní òun lè dá rìn. "Ọ̀la, Kuya. Tó bá ti kọjá ọ̀la, fóònù ló kù."

Mo fi mọ́tò gbé ọmọbìnrin náà lọ sí Norcross ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Gbogbo ohun tí àwọn òbí mi fi kọ́ mi nípa bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni mo lò. Mo kí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, mo jókòó. Wọ́n gbé omi wá, mo mu ún. Wọ́n gbé ìrẹsì àti dòdò wá, mo jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni mo wá mú ọ̀rọ̀ láti òkèèrè, bí ó ti yẹ kí àgbàlagbà ṣe.

"Alàgbà," mo ní, "àwọn àgbà ló ní ìyá ni wúrà, baba ni dígí. Lọ́jọ́ tí ìyá bá kú, wúrà bàjẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ló gbà á lẹ́nu mi. "Háà, Dádì, ẹ ṣeun! Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ sọ yẹn. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tọ́jú tiwa lójú méjèèjì." Ó nawọ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé.

Alàgbà ní, "Ìyá ò ṣeé fi ṣeré, Ẹ̀gbọ́n. A kò lè jẹ́ kí ẹni tí a kò mọ̀ fọwọ́ kàn án."

N kò rí ibi tí mo máa gbà yí ọ̀rọ̀ náà padà mọ́. Òwe mi ti di tiwọn. Alàgbà ní ká dìde gbàdúrà fún ìyá olóògbé náà. Ó gbàdúrà tọkàntọkàn, ó ní kí Ọlọ́run tu ọmọ tó fi sílẹ̀ nínú, ọmọ náà sì ṣe àmín. Ìyàwó rẹ̀ di oúnjẹ fún mi. Nígbà tí mo dé ìdí mọ́tò, kúlà oúnjẹ ni mo gbé dání. Kò sí pásípọ́ọ̀tù.

Mo jókòó nínú mọ́tò náà, n kò tíì ṣáná sí i. Ó wá yé mi pé kì í ṣe àwàdà ni ìyàwó mi ń ṣe nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìdúró àti omi yẹn. Ó mọ irú ènìyàn tí a jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo padà lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà bá mi lọ, ṣùgbọ́n ó ní inú mọ́tò lòun máa wà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun wá jà. Alàgbà ló ṣí ilẹ̀kùn, ó ti wọ ṣòkòtò àti bùbá, kò tíì gbé agbádá wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Mi ò ní jókòó, Alàgbà. Pásípọ́ọ̀tù ọmọ yìí àti páálí rẹ̀ ni mo wá gbà."

Ìyàwó rẹ̀ jáde wá, gèlè rẹ̀ kò tíì tán. "Dádì, kí ni mo gbọ́ yẹn? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bu omi fún yín."

"Mi ò ní mu omi."

Ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ lára gèlè. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí mo ṣe fún un yẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

"A jí i gbé ni àbí?" ó ní. "Ọmọ wa ni o! Ta ní í kó irú ìwé yẹn lé ọmọ lọ́wọ́, kó lọ sọ ọ́ nù ní ìta?"

"Àkọ́bí yín tó wà ní yunifásítì ńkọ́? Ta ló ń bá a tọ́jú pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀?"

"Ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ìyẹn..."

Mo kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Alàgbà, ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo sin ìyàwó mi. Èjìká yín wà lábẹ́ pósí náà. Lánàá ẹ bẹ Ọlọ́run pé kó tu ọmọ yìí nínú. Ìtùnú tí ẹ ń tọrọ yẹn, inú àpótí yín lókè ló wà."

Kápẹ́ẹ̀tì ló ń wò. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di aṣọ ìnuwọ́ mú, kò mira.

Ìgbà yẹn ni ohùn kan ti ẹ̀bá fèrèsé wá.

"Ta ló máa gbé mi lọ sí balùwẹ̀?"

Màmá ni. Gbogbo wa ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ ìwé, ìwé. Mo ní ta ló máa gbé mi? Ìyàwó mi yìí ń lọ síbi iṣẹ́ kí oòrùn tó yọ. Ọmọ mi, ẹ̀yìn ń dùn ún. Tí ọmọ yẹn bá lọ, ṣé orí àga yìí ni kí n kú sí ni?"

Ojú ìyàwó alàgbà kún fún omi. Mo wá rí i pé nǹkan tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyí. Kò sí ẹni burúkú nínú ilé náà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n sì ti ẹ̀rù náà mọ́ inú àpótí pẹ̀lú ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ya èmi náà lẹ́nu.

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ? Apòògùn?"

"Ìyàwó yín á wẹ̀ yín kó tó jáde. Tó bá ti lọ, èmi á dé. Oúnjẹ yín, oògùn yín, kí n gbé yín dìde, kí n gbé yín jókòó, màá ṣe é títí ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà á fi dé. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú mọ́tò níta tó máa bá wa wá a."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé o mọ ògì í pò?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Báyìí ni gbogbo ọkùnrin ṣe ń wí."

Ọmọbìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ ògì; ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó alàgbà gòkè lọ. A gbọ́ tí àpótí náà ń dún. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, èmi ló na àwọn ìwé náà sí.

"Ẹ fún un," mo ní.

Ó fún un. Ó dì mọ́ ọn, ó ní, "Ṣé o máa padà wá?"

"Mọ́mì, mi ò mọ̀," ọmọ náà dáhùn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kó fún wọn ní èsì tó ṣe tààrà bẹ́ẹ̀ rí.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, nọ́ọ̀sì àgbà ń kìlọ̀ fún un títí: ara ni kó o fi ìwé náà sí, má fi sínú báàgì tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ, má bá ẹnikẹ́ni mú ẹrù dání, tó o bá fẹ́ padà, pè wá kó o tó bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn, nǹkan àkọ́kọ́ tí a máa béèrè sì ni ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ náà ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún mi bí ó ti rí àwọn ọmọ ìjọ wa tí wọ́n ń ṣe, ó sì bọ́ sáàárín èrò.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá, ìyàwó alàgbà ṣì ń bínú sí mi. "Ẹ káàárọ̀ sà" nìkan ló ń sọ, á gbé báàgì rẹ̀, á jáde. N kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo bá fúláàsì tíì lórí tábìlì, ife kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Màmá kì í sì í mu tíì.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún ẹni ọjọ́ orí mi. Mo máa ń gbé Màmá bí mo ṣe ń gbé ìyàwó mi, apá kan lábẹ́ ìtan, apá kan lẹ́yìn, ká jọ mí kanlẹ̀ ká tó dìde. Mo rò pé ara mi kò ní lè gbà á mọ́. Ó gbà á.

"Apòògùn, ògì yìí ki."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Màá fi omi sí i."

"Má fi omi sí i. O ti bà á jẹ́ ná. Gbé e wá bẹ́ẹ̀."

Ẹnu ògì yẹn la wà nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọbìnrin náà ni, ojú rẹ̀ hàn lórí fóònù, ó wọ aṣọ funfun. Ó ti dé. Ó yí fóònù náà ká kí a lè rí ilé wọn: iná, òdòdó, pósí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, àti àwọn ọkùnrin mélòó kan ní igun yàrá tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká.

Màmá fa fóònù náà mọ́ ojú. "Kí làwọn yẹn ń ṣe? Ṣé káàdì ni wọ́n ń ta? Lójú òkú?"

"Àṣà wọn ni, mà. Kí oorun má baà gbé wọn lọ."

Ó rò ó. "Ó dáa. Ó sàn ju kí wọ́n máa hanrun lọ."

Ọmọbìnrin náà ń béèrè ẹni tó ń fún Màmá ní oògùn, ó ń béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń wú, ó ní òun á sáré padà tí ìsìnkú bá ti parí, òun kò fẹ́ kí Màmá jìyà.

"Kí ló ń wí?" Màmá bi mí.

Mo sọ fún un.

"Sọ fún un pé mò ń jìyà. Ògì apòògùn yìí ń pa mí. Ṣùgbọ́n kó má sáré. Kó jókòó ti ìyá ẹ̀ dáadáa, mi ò tíì fẹ́ lọ ibì kankan."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀, àti ti ògì náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú. Ó gbé fóònù náà sórí nǹkan kan láìpa á, a sì ń wò ó bó ṣe lọ fa àga kan wá, tó gbé e sún mọ́ pósí náà, tó jókòó.